Ta Ni Yóò San Owó Ìgò Féèpù?

Láàárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, ìyá mi ń dáná sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé wa ní Tánkè, ní Ìlọrin, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ti gbá ewé máńgòrò jọ, ó da bébà àti ọ̀rá lé e lórí, ó sì ń fi ọ̀pá gígùn kan tú u kó lè jó dénú. Èmi wà nínú ilé, mo ń lọ aṣọ. Ṣàdédé ni nǹkan dún gbòà, bí ìbọn ṣakabùlà. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, èkejì ti dún. Mo bá ìyá mi ní ìjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀pá ti fò lọ́wọ́ rẹ̀, ihò méjì ti lu sí etí ìró rẹ̀, iná kékeré kan sì ti ń ràn lára táwẹ́ẹ̀lì tí a sá sórí okùn.

"Wọ́n ń yìnbọn nínú iná." Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ọpẹ́ ni pé ara rẹ̀ kò bó. A da yanrìn sí iná náà títí ó fi kú, mo sì fi ọkọ́ tú eérú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Ike ara rẹ̀ ti yọ́ dànù, ó ku ẹyọ nǹkan róbótó kan bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré, tó ti là lórí bí ẹ̀pà. Èkejì rẹ̀ ti fò lọ sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀kẹta kò tíì bú. Ike rẹ̀ aláwọ̀ osàn kàn rọ sápá kan ni.

Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, ti jáde nígbà náà. Ó wo ohun tó wà lórí ọkọ́ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú.

"Ẹ má bínú, Alhája. Tèmi ni. Féèpù ni."

"Kí ló ń jẹ́ féèpù?"

"Sìgá ni, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣáná sí. Kì í lo iná rárá."

Ìyá mi fa etí ìró rẹ̀ sókè kó lè rí ihò méjèèjì dáadáa. "Èyí tí kì í lo iná ló ṣe èyí?"

N kò fẹ́ wàásù nípa mímu rẹ̀. Àwọn ààfáà wa ń ṣe ìyẹn ní Jímọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ọmọ yàrá ẹ̀yìn náà sọ fún mi pé òun tìtorí rẹ̀ fi sìgá oníṣáná sílẹ̀, n kò sì bá a jiyàn. Ohun tó gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni ohun tó ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu ún tán, àti ẹni tó ni í.

Hon Lik, apòògùn ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló gbé irú èyí tí ayé mọ̀ lónìí jáde ní 2003. Amusìgá paraku ni òun fúnra rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá rẹ̀. Kò sí ewé tábà tó ń jó nínú nǹkan náà. Omi kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n po adùn èso mọ́, pẹ̀lú nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń mú kí sìgá di bárakú. Òwú ń fa omi yẹn mu, wáyà tín-ín-rín kan ń gbóná, omi á di kùrukùru, ẹni tó ń mu ún á fà á sínú. Bó bá ti fi ẹnu fà á, ẹ̀rọ kékeré kan nínú rẹ̀ á ti mọ̀, á sì jí bátìrì.

Bátìrì yẹn gan-an ni ìjọ̀ngbọ̀n. Líthíọ́ọ̀mù ni, irú tó wà nínú fóònù, irú tí Sony kọ́kọ́ gbé wọ ọjà ní 1991. Nínú fóònù, a lè máa cháàjì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin. Nínú féèpù tí wọ́n ń mu tán jù nù, èyí tí mo ń pè ní àmudànù, ọjọ́ mélòó kan ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì tó ṣeé cháàjì ni. Wọn kò kàn lu ihò tí wáyà cháàjà máa gbà wọlé sí i ni. Bí ìgbà tí ènìyàn ra ìkòkò, tó se ọbẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tó sì fọ́ ọ. Bí wọ́n bá tẹ bátìrì náà fọ́, tàbí tí iná mú un, ooru inú rẹ̀ á máa bí ooru mìíràn, gáàsì á wú u, á sì bú. Ìyá mi kò nílò kí n ṣàlàyé apá yẹn fún òun.

Lára ẹ̀kẹta, èyí tí kò bú, mo rí àwòrán kékeré kan tí mo ní láti bọ́ sóòrùn kí n tó lè rí i dáadáa. Dọ́sìbìnì onítáyà ni, wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí tíṣà bá fagi lé iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo pe ọmọ náà, mo fi hàn án.

"Mi ò kíyè sí i rí, Àǹtí."

Àwòrán náà ní kí a má dà á sínú dọ́sìbìnì. Ibi tó yẹ ká dà á sí ni kò sọ.

Níbi tí àwòrán yẹn ti wá, òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú European Union fẹnu kò lórí òfin kan pé ẹni tó bá ń ṣe ohun èlò oníná tàbí oníbátìrì ni yóò máa san owó kíkó rẹ̀ jọ àti títú u palẹ̀ nígbà tó bá kú. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Thomas Lindhqvist, ló ti fún èrò náà ní orúkọ láti 1990: ojúṣe ẹni tó ṣe ọjà kò tán lọ́jọ́ tó tà á. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì gùn bí orúkọ oyè. Yorùbá ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi lórí oúnjẹ alẹ́, ó wò mí bí ẹni pé mo wá sọ fún un pé oòrùn ń yọ láàárọ̀.

"Kí ló tún wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé owó ìgò ni?"

N kò gbàgbé. Kò sí bí mo ṣe lè gbàgbé. Ìyá mi ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìpàta fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ìgò ló sì fi tọ́ mi dàgbà. Kirétì kan, ìgò mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ dípò, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mínírà, máa ń wá. Kò sí ẹni tó lè gba kirétì tó kún láìfi kirétì òfìfo lélẹ̀. Bí o kò bá ní ìgò, owó ìgò ni wàá kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sílé á fi owó dúró, àbí kó mu ún tán lójú wa. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò ni ọ̀pọ̀ wọn, ojú ń ti ìyá mi láti gba owó dúró lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ mi ni owó ìdúró wọn. Lálaalẹ́ ni mo ń lọ láti agboolé dé agboolé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ìyá mi ní kí n wá gba ìgò méjì." Mo mọ ìyàwó ilé tó máa ń fi ìgò po kẹrosíìnì, mo mọ ààfáà tó máa ń fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà, mo sì mọ bàbá kan ní Gàm̀bàrí tí kò dá ìgò padà rí láìjẹ́ pé mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìgò kò gbọdọ̀ fọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi ẹsẹ̀ kọ ní ẹnu ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú ìgò mẹ́fà nínú ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lórúnkún mi, mo ń ké, ìgò ni ìyá mi kọ́kọ́ kà. Mẹ́rin ló fọ́. Ó ṣì máa ń bẹ̀ mí nítorí ọjọ́ náà, ìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé òfin kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ dípò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé-iṣẹ́ náà ló nílò ìgò rẹ̀: á fọ̀ ọ́, á tún rọ mínírà sí i. Ìgò yẹn kò fìgbà kan di tiwa, a kàn yá a ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè rí ìgò mínírà nínú gọ́tà Ìlọrin láyé ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé, ọmọdé á ti gbé e lọ gba owó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn náà ni ìgò oníke dé. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, kò sì lówó ìgò. Gbogbo wa la yọ̀, ìyá mi ló sì yọ̀ jù, nítorí ìgò kíkà tán lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ á kún wá, á sì ṣófo padà. Ẹ lọ wo odò Asà lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ohun tó léfòó lórí omi. Mínírà kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é, àwa kan náà la sì ń mu ún. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ẹni tí ìgò òfìfo jẹ́ ẹrù rẹ̀. Èmi kì í dákẹ́ mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú mi pé àwa ará ibí ni a kò mọ ìmọ́tótó.

Ìlú Ọba ni wọ́n ti máa ń ka nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi tiwọn wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tó. Ní 2023, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Material Focus fojú bù ú pé féèpù àmudànù tó ń lọ bíi mílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n ń jù nù níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òfin wà lọ́hùn-ún pé ìsọ̀ tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ gba òkú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìṣirò ẹni tó máa dá owó kíkó, ìsọ̀rí ohun ìṣeré ọmọdé àti ohun eré ìdárayá ni wọ́n to féèpù mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò ìṣeré oníbátìrì fún ọmọdé ń bá oníféèpù dá owó rẹ̀. 2025 ni wọ́n tó yọ ọ́ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdu, wọ́n fòfin de títa àmudànù. Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe tiẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ mọ ohun tí oníféèpù ṣe? Wọ́n lu ihò cháàjà sí i, wọ́n ṣe orí rẹ̀ kó ṣeé yọ, owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i, ó sì ti di àlòtúnlò lójú òfin. Bí ẹni tó rà á bá wá jù ú nù bíi ti àtẹ̀yìnwá, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má wá rò pé kò sí òfin nílé tiwa. Ní 1988 ni wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí àgbàlá ẹnì kan ní Kókò, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún onílé lóṣooṣù. Ìtìjú yẹn ló bí òfin májèlé wa lọ́dún náà gan-an, òun náà ló bí FEPA, àjọ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àyíká. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, ló dé ní 2007, ní 2011 ó sì gbé ìlànà jáde lórí ohun èlò oníná, tí wọ́n tún ṣe ní 2022. Láti 2018 ni EPRON ti wà, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹ kó máa dá owó sí kí wọ́n lè fi kó òkú ọjà wọn. Mo ka ìlànà náà títí ojú fi ń ro mí. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ni ẹrù kò dúró sí Shenzhen nìkan, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe féèpù ní Ṣáínà. Ẹni tó kó ọjà náà wọ Nàìjíríà ló dúró nípò ẹni tó ṣe é, alágbàtà àti ẹni tó ń tà á sì ní ipa tiwọn. Èyí já mọ́ nǹkan. Kò sí ẹni tó lè rán mi lọ gba ìgò ní Shenzhen.

Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé màá dá tèmi padà, kí n wo ibi tí yóò gbà dé ilé. Mo gbé garawa ọ̀dà kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé, mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ní kí ọmọ yàrá ẹ̀yìn sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa jù ú sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ṣé gbogbo Tánkè ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Garawa náà ń ta sánsán bí ìsọ̀ onísúìtì: máńgòrò, àjàrà, ṣingọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí mo bá ọmọ ọdún mẹ́rin aládùúgbò wa tó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni mo tó wá ọmọrí fún un. Omi tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kì í ṣe súìtì. Nikotíìnì inú rẹ̀ lè ṣe ọmọ kékeré tó bá gbé e mì ní jàǹbá tó le.

Ìsọ̀ tó ń tà á ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ojú títì ni, láàárín oní-POS àti ẹni tó ń dín àkàrà. Mo kó mẹ́wàá sínú ọ̀rá. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

"Àǹtí, a kì í gbà á padà o. Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n ti mu ún tán ni."

"Ẹ jù ú nù nígbà náà."

"Níbo?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rà á. Ó ní Èkó ni ọ̀gá òun ti ń kó o wá. Mo yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Wọ́n kọ Shenzhen síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ lò ó, wọ́n ya dọ́sìbìnì tí wọ́n fagi lé. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà lára rẹ̀, kò sí ojúlé, kò sí nọ́ńbà fóònù. Ọjà tí ẹnì kan kó gba èbúté wọlé dé iwájú oní-POS ní Tánkè, bí ẹni pé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo dá àwọn akólẹ̀ dúró lórí ọkọ̀ wọn. Mo ṣàlàyé fún ọ̀kan nínú wọn pé nǹkan yìí lè bú bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Kò wọ ìbọ̀wọ́, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin. "Mọ́mì," ó ní, "ohun tó wà nínú ọkọ̀ yìí ju bátìrì lọ. Ẹ so ó, ẹ jù ú sókè." N kò jù ú sókè. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn títí di òní.

Ẹni tó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ jù ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Challenge. Ó mú mẹ́fà, ó fi bíléèdì la ike wọn, ó sì fi mítà rẹ̀ wọn bátìrì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bátìrì fóònù náà ni, Àǹtí, fóòtì 3.7. Mẹ́ta ṣì wà láàyè nínú wọn." Ó fi ọ̀kan hàn mí tó ti so mọ́ gílóòbù kékeré, iná tó ń lò bí wọ́n bá mú iná lọ. Inú mi dùn, mo sì ti ń rò ó pé mo ti rí ilé fún garawa mi, ló bá mi orí. Kò lè gba gbogbo rẹ̀. Títú u ni wàhálà: wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, kò sí ìdè kankan tí a lè tú, bíléèdì sì lè gé ọwọ́ tàbí kó gún bátìrì. "Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i."

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo òfin Yúróòpù ń bá jà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ló ń san owó ẹni tó máa tú u, á ṣe é kó ṣeé tú. Kò sí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àpótí tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣí lọ́la. Òfin bátìrì tí European Union ṣe ní 2023 sọ ọ́ tààrà: láti oṣù Èrèlé 2027, bátìrì inú ohun èlò tí a ń gbé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó rà á.

Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù ni mo fi parí rẹ̀. Mo gbọ́ igbe wọn lójú ọ̀nà, mo gbé garawa jáde. Èyí tó dàgbà nínú wọn gbé ẹyọ kan sọ́wọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó gbá a mú, ó sì dá a padà sínú garawa. "Kò wúwo." Òótọ́ ló sọ. Líthíọ́ọ̀mù tó wà nínú kékeré kan kò tó ìdá márùn-ún gíráàmù kan; wáyà rẹ̀ dà bí irun orí. Owó tí ènìyàn máa rí nínú rẹ̀ kò tó owó iṣẹ́ títú u. A ń gbé ìlú tó gba orúkọ látara irin. Òkúta tí àwọn àgbà ní wọ́n ti ń lọ irin wà ní Ìdí-Àpè títí dòní. Ọkọ́ tó bá sì jẹ tán, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ló ń padà sí, á yọ́ ọ, á fi rọ nǹkan mìíràn. Níbí, kò sí irin tí kò ní olùrà, àfi èyí tí wọ́n ṣe kékeré débi pé kò yẹ fún ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀ mú un.

Bó bá ṣe pé èmi ni mo ń kọ òfin, owó ìgò ni màá fi sí i lórí. Kí ẹni tó ń kó o wọlé san án lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní èbúté, kí orúkọ rẹ̀ àti ojúlé rẹ̀ wà lára páálí, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé òkú rẹ̀ wá sí ìsọ̀ gba owó náà, ká ní ₦500. Ẹ ó rí i pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù á ti fi ojú gbá gbogbo Tánkè mọ́ títí dé ẹnu géètì Yunifásítì. Àwọn kò nílò ìpolongo, kò sí ẹni tó máa kọ́ wọn ní ìmọ́tótó.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣòwò ní ojú ọ̀nà Táíwò ní àlá ni mo ń lá. Ó ní ènìyàn á gba Chikanda ní Bàrútẹ́ẹ̀nì kó o wọlé, fàyàwọ́ kì í sì í san owó ìgò. Ó tún ní ẹni tó ń mu ún ni wọ́n máa bu owó náà lé lórí níkẹyìn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan. Ti àkọ́kọ́ le lóòótọ́. Ohun tí mo rí sọ sí i kò ju pé ìsọ̀ kì í ṣe fàyàwọ́, ìsọ̀ ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá tà á, láìka ibi tó ti rà á sí, kó gbà á padà. Mo mọ̀ pé ihò ṣì wà níbẹ̀. Ti èkejì ni n kò gbà. Bí ẹni tó ń mu ún bá san án, ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí ló balẹ̀ sí. Títí di báyìí, ìyá mi tí kò mu ún rí ló ti fi ìró kan san tirẹ̀.

Garawa náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ òjìji, mo ti fi téèpù bo orí àwọn tí wáyà wọn ti yọ síta. Ọmọ yàrá ẹ̀yìn ló ń bojú tó o. Ní àṣálẹ́ àná, mo jáde láti ká aṣọ, mo bá ìyá mi lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣí ọmọrí, ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ ní mẹ́fà-mẹ́fà, ìlà mẹ́rin, bí ìgò ti máa ń wà nínú kirétì. Àwọn tó ṣẹ́kù, ó tò wọ́n sọ́tọ̀.

"Kirétì kan, ó lé mọ́kànlá," ó ní.

Ó dá wọn padà sórí yanrìn, ó bo ọmọrí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ tiwọn máa ń wá?"